Hermine Kọ̀ndọ́ àti Ìlérí Alága

Ní ìlú Altrode, bí wọ́n bá dárúkọ Hermine Kuhlmey, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń rántí ni ọjọ́ tó dá tíráàmù, ọkọ̀ èrò tó ń rìn lórí irin ní ìgboro, dúró nítorí ọ̀gá sójà kan. Ọdún kẹta ogun ni. Ọ̀gá náà wọ ọkọ̀ ní ìdúró Ọjà Ẹja, àmì-ẹ̀yẹ kún àyà rẹ̀, ó jókòó, kò sì ra tíkẹ́ẹ̀tì.

"Ọ̀gá, tíkẹ́ẹ̀tì yín ńkọ́?"

"Ṣé o ò rí aṣọ tó wà lọ́rùn mi ni?"

"Mo rí i, sà. Ó yẹ yín gan-an. Tíkẹ́ẹ̀tì ni mi ò rí."

Ọkùnrin náà yíjú sí fèrèsé. Hermine na ọwọ́ sókè, ó fa okùn agogo lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ sì dúró gbọnin sí àárín afárá. Ó ká ọwọ́ lẹ́rán. Kò pé ìṣẹ́jú méjì tí ìyá àgbà kan fi pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ọ̀gá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sanwó! Ọbẹ̀ ń bẹ lórí iná nílé mi, ẹ má jẹ́ kí ó jóná nítorí orílẹ̀-èdè!" Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá sójà sanwó. Hermine fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì, ó fún un ní ṣéńjì rẹ̀ pé, ó sì fa agogo lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n máa lọ.

Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí lónìí a máa fi kún un pé ó gbá ọ̀gá náà létí. Irọ́ ni. Hermine kì í gbá ènìyàn létí. Ohun tó tọ́ ló máa ń fẹ́, kò fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ ẹni tó ń sun bíríkì ni. Ọdún mẹ́rìnlá ló wà nígbà tó wá sí ìgboro wá ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, ọdún mẹ́tàlélógún nígbà tó fẹ́ Reinhold Kuhlmey, kọ̀ndọ́ tíráàmù, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó máa ń súfèé bó bá ń dá irun. Nígbà tí ogun dé tí wọ́n kó àwọn ọkùnrin lọ, ilé iṣẹ́ tíráàmù gbé àwọn ìyàwó wọn gun ọkọ̀. Fìlà Reinhold gan-an ni wọ́n gbé fún Hermine, nọ́ńbà mẹ́tàlélógún tó wà níwájú rẹ̀ kò yí padà. Ó di ìwé ìròyìn sínú fìlà náà kí ó má baà bo òun lójú. Lọ́dún 1916, Reinhold sọnù ní ojú ogun ìlà-oòrùn. Wọn kò rí òkú rẹ̀, wọn kò sì gbúròó rẹ̀. Ọmọbìnrin wọn, Gerda, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà náà. Àwọn méjèèjì àti Màmá Auguste, ìyá Reinhold, ni wọ́n jọ ń gbé nínú yàrá méjì ní àjà kẹrin ilé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìpọntí.

Ẹni tó ń wa ọkọ̀ rẹ̀ ni Ottomar Drewitz. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ó yé wa dáadáa: awakọ̀ a máa dúró níwájú, kọ̀ndọ́ a máa dúró lẹ́yìn, gbogbo èrò ọkọ̀ á sì wà láàárín wọn. Okùn agogo nìkan ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan, dúró. Ẹ̀ẹ̀mejì, máa lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta, wàhálà wà. Ọdún mẹ́ta ni àwọn méjèèjì fi sọ̀rọ̀ báyìí, Drewitz kò sì wo ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan rí láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni agogo ń sọ. Ọkùnrin àádọ́ta ọdún ni, irunmú rẹ̀ funfun, ohùn rẹ̀ nípọn. Ó ní ọmọ kan ṣoṣo, Klara, nítorí náà Bàbá Klara ni Hermine ń pè é. Òun náà ń pe Hermine ní Ìyá Gerda, àfi bí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú bá dé, nígbà náà ni yóò di "Kọ́mírédì."

Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ sì dé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1918, a pàdánù ogun, Káísà tó jẹ́ ọba wa sá lọ sí Holland, ìjọba di ti ará ìlú. Àwọn kan ń sọ pé ìjọba tuntun yìí bọ́ láti ojú ọ̀run bí òjò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn bíi Hermine ló fi ọwọ́ ara wọn lẹ ìwé rẹ̀ mọ́ ògiri nínú yìnyín, wọ́n fi ìyẹ̀fun tí wọn ìbá fi ṣe ọbẹ̀ po àtè. Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kìíní ọdún 1919 ni obìnrin kọ́kọ́ dìbò lórílẹ̀-èdè wa. Hermine wọ aṣọ Sọ́ńdè, ó dìbò, ó sì jáde pẹ̀lú ojú tó ń dán bí ojú ìyàwó. Drewitz, tí àwọn òṣìṣẹ́ ti yàn ní alága ìgbìmọ̀ wọn nígbà náà, bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

"Kọ́mírédì, láti òní lọ, kò sí ẹni tó lè sọ fún ọ mọ́ pé obìnrin lásán ni ọ́."

"Bàbá Klara, ta ló ń sọ ọ́ fún mi tẹ́lẹ̀?"

"Ó dáa, ó dáa. Kò sí ẹni tó jẹ́ dán an wò."

Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, káàdì kan dé láti Siberia. Ìwé pelebe tí ẹgbẹ́ aláàánú fi ń ránṣẹ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun ni. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló wà lára rẹ̀: *Mo wà láàyè. Ara mi le. Ẹ máa retí mi. Reinhold.* Ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ ti pé oṣù mẹ́wàá. Hermine kò sọ fún ará ilé kankan yàtọ̀ sí Màmá Auguste, nítorí pé ayọ̀ tó bá tètè tú síta a máa tètè bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ní ìdúró ìkẹyìn, níbi tí wọ́n ti máa ń mu kọfí ọkà bálì nínú agolo, ó yọ káàdì náà fún Drewitz. Ọkùnrin náà kà á, ó tún un kà, ó sì di Hermine mọ́ra. Omijé bọ́ sórí irunmú rẹ̀.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri ọgbà tíráàmù. Àwọn ọkùnrin ti ń ti ojú ogun dé, wọ́n ń wá iṣẹ́; òfin tuntun sì ní kí àwọn obìnrin fi àyè sílẹ̀. Òfin náà ní ìlà tirẹ̀: opó tó ní ọmọ yóò dúró, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ wà láàyè yóò lọ, nítorí pé ọkọ ló yẹ kó bọ́ ọ. Orúkọ obìnrin méje ló wà níbẹ̀. Ti Hermine ló ṣáájú, nítorí pé nínú ìwé ìjọba, ẹni tó sọnù kò tíì kú.

Ó lọ bá Drewitz níbi tó ti ń fi òróró sí ìjánu ọkọ̀.

"Bàbá Klara, kí lèyí?"

"Mo rí i. Má dààmú. Ìgbìmọ̀ ìlàjà ìlú yóò jókòó lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. Wá, kí o sọ tẹnu rẹ. Èmi fúnra mi yóò wà níbẹ̀."

"Ọkọ mi wà ní Siberia. Ṣé láti Siberia ni yóò ti máa ju búrẹ́dì sí wa?"

"Mo ní má dààmú. Èmi ni mo ń wa ọkọ̀ yìí, àbí?"

Hermine mú ọ̀rọ̀ náà bó ṣe gbọ́ ọ.

Màmá Auguste kò mú un bẹ́ẹ̀. Ìyá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó sin ọmọ mẹ́rin, ẹnu rẹ̀ kò sì ní ilẹ̀kùn. Ní òwúrọ̀ Tọ́sìdeè, ó ṣí àpótí, ó yọ aṣọ dúdú tó fi ṣọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí ibùsùn.

"Wọ èyí."

"Màmá! Ọmọ yín mà ni!"

"Ṣé mo gbàgbé ni? Èmi ni mo bí i, èmi ni mo sọ pé kí o wọ̀ ọ́. Ahọ́n kì í pa ènìyàn. Bí Reinhold bá dé, yóò bá wa láàyè, yóò fi wá ṣẹ̀sín. Bí ebi bá pa Gerda, ta ni yóò wá fi ṣẹ̀sín?"

"Mi ò lè sọ pé ó ti kú."

"Ta ní kí o sọ ọ́? Jókòó síbẹ̀ kí aṣọ máa sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá bi ọ́, wí fún wọn pé kò tíì dé. Ṣé ó ti dé ni?"

Hermine, ẹni tí kò jẹ́ jẹ́ kí ọ̀gá sójà wọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ aṣọ náà. Ó fún un ní abíyá. Gbogbo ojú ọ̀nà ni àwọn ènìyàn ń ṣí fìlà fún un, ó sì dà bíi pé wọ́n ń gbá a létí.

Ọkùnrin mẹ́ta ló jókòó sẹ́yìn tábìlì: akọ̀wé ìlú kan, aṣojú ilé iṣẹ́, àti Drewitz tó ṣojú àwọn òṣìṣẹ́. Akọ̀wé wo aṣọ dúdú, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá. Ọmọ mélòó?"

"Ọ̀kan, sà. Ọmọ ọdún méje."

"Ọkọ yín ńkọ́?"

"Kò tíì dé, sà. Láti ọdún 1916."

"Ọ̀pọ̀ ni kò ní í dé mọ́," ni akọ̀wé wí, ó sì ki kálàmù bọ inú tàdáwà. Hermine rí i bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ kan tó gùn níwọ̀nba, ó sì mọ ọ̀rọ̀ náà. Kò la ẹnu. Láàárín ìṣẹ́jú yẹn, ohun tó fi ọdún mẹ́ta bẹ Ọlọ́run pé kó má ṣe rí bẹ́ẹ̀ lòun náà jókòó tì, tó ń gbàdúrà pé kí tàdáwà tètè gbẹ lórí rẹ̀.

Drewitz wúkọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, akọ̀wé. Ká kọ ọ́ bó ṣe rí. Ọkọ arábìnrin yìí wà láàyè. Mo ti rí káàdì rẹ̀ pẹ̀lú ojú ara mi."

Akọ̀wé wo Hermine, ó wo aṣọ dúdú rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó fa ìlà sórí ohun tó kọ.

"Ìyá, aṣọ ọ̀fọ̀ kì í ṣe aṣọ eré."

Àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn náà ní òótọ́ ni Drewitz sọ, kí ló kù? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òótọ́ tí a fi ọ̀rẹ́ yá ènìyàn lò ní ìdúró ìkẹyìn, tí onítọ̀hún wá gbé e lọ tà lọ́jà, ó ní orúkọ mìíràn. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́.

Ní ọjọ́ Sátidé, Hermine lọ dá fìlà, àpò awọ àti ẹ̀rọ ìlu tíkẹ́ẹ̀tì padà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dúró níbẹ̀ láti gbà wọ́n ni Willibald, ọkọ Klara. Ó ti tojú ogun dé láti oṣù Kẹta. Ojú ń ti òun pàápàá. Ó tú ìwé ìròyìn inú fìlà náà dànù, nítorí pé orí rẹ̀ tóbi.

Ìgbà òtútù ọdún yẹn, àtẹ̀gùn ilé olówó ni Hermine ń fọ̀, ilé márùn-ún lójúmọ́, láti àjà òkè wá sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ là pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́. Màmá Auguste ń hun ìbọ̀sẹ̀. Ọ̀dùnkún ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, ọ̀dùnkún lálẹ́. Bí Hermine bá gbọ́ agogo tíráàmù ní òpópónà, apá ọ̀tún rẹ̀ a máa gbéra díẹ̀ kí ó tó rántí.

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹta ọdún 1920, Sátidé ni, àwọn ọ̀gágun kan kó sójà wọ Berlin, wọ́n ní àwọn ti gbàjọba. Ìjọba sá kúrò níbẹ̀, ó sì ké sí gbogbo òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n yanṣẹ́ lódì. Ní Altrode, sójà gba gbọ̀ngàn ìlú àti ọgbà tíráàmù ní òwúrọ̀ Sọ́ńdè, wọ́n gbé ìbọn arọ̀jò-ọta sí iwájú ilé ìfìwéránṣẹ́. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, sójà kan gun àtẹ̀gùn wá sí àjà kẹrin, ó fún Hermine ní lẹ́tà. Ilé iṣẹ́ tíráàmù ló kọ ọ́: *Fìlà yín ń dúró dè yín. Obìnrin tó bá gun ọkọ̀ ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ Mọ́ńdè, iṣẹ́ rẹ̀ ti padà di tirẹ̀.* Àwọn obìnrin méjèèje ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ọkọ̀ tíráàmù tó bá ń rìn, ìyanṣẹ́lódì ti kú nìyẹn. Gbogbo ìlú yóò rò pé nǹkan ti padà sípò.

Hermine gbé lẹ́tà náà sórí tábìlì. Ó jókòó nídìí rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ ọbẹ̀. Gerda bi í pé, "Màámi, ṣé ẹ ó tún máa wọ fìlà?" Kò dá a lóhùn.

Wákàtí kan lẹ́yìn náà ni Drewitz kan ilẹ̀kùn. Ó wọ ẹ̀wù ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì, ìyẹ̀fun kún èjìká rẹ̀. Àwọn sójà ti ń wá a láti ìdájí. Màmá Auguste ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Hẹ̀n-ẹ́n, alága! Ọkọ ọmọ rẹ ló rán ọ ni, àbí fìlà náà ti fún un lórí jù?"

"Màmá, ẹ bá mi sọ ọ́ bó bá wù yín. Ó tọ́ sí mi. Ìyá Gerda, ṣé wọ́n ti mú lẹ́tà wá?"

"Ó wà lórí tábìlì."

"Kọ́mírédì, má lọ. A nílò rẹ."

"Ta ni 'a'?"

"Àwa. Ìjọba tí a fi ọwọ́ ara wa gbé kalẹ̀."

"Nígbà tí ẹ ń ka ọwọ́ ní oṣù Kẹwàá, Bàbá Klara, ẹ ò ka tèmi mọ́ ọn."

Ọkùnrin náà jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó. Ó fi ọwọ́ nu ojú, ìyẹ̀fun kún ojú náà. Ó ní òun mọ ohun tí òun ṣe. Ó ní Klara sunkún ní ilé nítorí pé ọkọ rẹ̀ kò níṣẹ́, ó ní ẹ̀rù ba òun, ó ní òun fi òfin bo ojú. Ó wá sọ ohun tó bá wá: bí àwọn obìnrin méjèèje bá jókòó sílé, bí ìyanṣẹ́lódì bá borí, àwọn méjèèje yóò padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ tí tíráàmù bá kọ́kọ́ rìn. Òun gẹ́gẹ́ bí alága ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó na ọwọ́.

Ní ìlú wa, bí ènìyàn méjì bá fẹ́ kí àdéhùn le, wọn a bọ ara wọn lọ́wọ́ wọn ò sì ní í tú u, ẹni kẹta a wá fi ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ gé e láàárín. Bí ẹlẹ́rìí bá ti gé e, ó parí. Òun ni a fi ń ta màlúù, òun ni a fi ń pín ilẹ̀, òun ni a fi ń fi ọmọ fọ́kọ. Ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́, àwọn ènìyàn kì í bá a jẹun mọ́.

Hermine wo ọwọ́ náà pẹ́. Kì í ṣe ti Drewitz ló ń rò. Ó ń rò ó pé bí òun bá gun ọkọ̀ lọ́la, àwọn ọ̀gágun ni yóò fún òun ní fìlà, àwọn kan náà tó fi ọkọ òun ránṣẹ́ sí ojú ogun. Ó sì ń rò ó pé oúnjẹ tó wà nílé kò ju ti ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Màmá, ẹ gé e."

Màmá Auguste gé e tagbára-tagbára, Drewitz sì ké, "Yéè!"

"Kó lè dùn ọ́ títí Mọ́ńdè," ni ìyá náà wí.

Obìnrin mẹ́fà ló kù. Drewitz kò lè jáde, nítorí náà Hermine ló lọ. Láti ilé dé ilé ló ń lọ ní ọ̀sán Sọ́ńdè yẹn, ó ń kọjá níwájú ìbọn, agbọ̀n ìfọṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n má baà bi í ní ìbéèrè. Àwọn márùn-ún gbà, àwọn kan kíákíá, àwọn kan pẹ̀lú ìkérora. Selma Pfotenhauer ló le jù. Ọkọ rẹ̀, Bruno, ti ojú ogun dé láìní ojú, gáàsì olóró ló fọ́ ọ lójú. Ṣùgbọ́n ọkọ tó wà láàyè ni, nítorí náà wọ́n lé Selma náà. Àwọn méjèèjì jókòó ti tábìlì, wọ́n ń lẹ àpò pépà.

"Wọ́n fún mi ní fìlà mi padà," ni Selma wí. "Kí ni ẹgbẹ́ tìẹ fún mi rí?"

"Àwọn wo ló fún ọ? Àwọn tó fọ́ Bruno lójú."

"Ẹ máa sọ ọ́ bó ṣe rí," ni Bruno wí láti ìdí tábìlì. "Gáàsì tiwa ni. Atẹ́gùn ló yí i padà."

"Ṣé o gbọ́? Ọkọ mi ò tilẹ̀ bínú sí wọn."

"Mi ò ní mi ò bínú. Mo ní kí ó sọ ọ́ dáadáa."

Selma kò rẹ́rìn-ín. "Hermine, Drewitz kan náà tó tà ọ́ ló tún rán ọ. Kí ló dé tí mo fi máa gbà á gbọ́?"

"Má gba Drewitz gbọ́. Èmi ni kí o gbà gbọ́. O ti bá mi ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́ta; ṣé mo ti sọ ohun kan fún ọ rí tí kò rí bẹ́ẹ̀?"

Selma ronú. "Rárá."

"Ní ọjọ́ tí tíráàmù bá kọ́kọ́ rìn, a ó padà. Ọwọ́ mi nìyí."

Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Bruno dìde kó gé e. Kò rí i, igbá àtè ló kọ́kọ́ gé, lẹ́yìn náà ọrùn ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó bá a. "Mo ti gé e lẹ́ẹ̀mẹta," ló wí, "kò sí bó ṣe máa tú mọ́." Selma wá rẹ́rìn-ín níkẹyìn.

Ní Mọ́ńdè, kò sí tíráàmù kankan tó jáde. Àwọn sójà gbìyànjú ọ̀kan; ó lọ títí dé ìdúró Ọjà Ẹja, kò sí kọ̀ndọ́, kò sí èrò, wọ́n sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ bí òkú ẹṣin. Iná kú, omi dá. Ní Wẹ́sìdeè, àwọn ọ̀gágun sá kúrò ní Berlin. Ní Tọ́sìdeè, sójà kúrò ní gbọ̀ngàn ìlú. Inú ìlú dùn. Àwọn ọkùnrin gbé Drewitz lé èjìká yí ọjà ká, Hermine náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ń pàtẹ́wọ́, Gerda wà léjìká rẹ̀. Oúnjẹ ilé ti tán láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò sì rántí.

Ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e ni tíráàmù yóò kọ́kọ́ rìn. Aago márùn-ún ààbọ̀ ni Hermine dé ọgbà, ó ti fọ kọ́là, ó ti fi ọ̀dá dán bàtà. Ìwé ńlá kan wà lára ògiri: *Ìgbìmọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ọkùnrin tíráàmù tó gba ìjọba tiwa-n-tiwa là.* Ó kà á dé ìparí. Ó wo ẹ̀yìn ìwé náà bóyá ọ̀rọ̀ kù.

Drewitz ti wà níwájú ọkọ̀ rẹ̀. Willibald wà lẹ́yìn, fìlà lórí, ó ń wo ilẹ̀.

"Ìyá Gerda." Drewitz bọ́ sílẹ̀. "Mo fẹ́ wá bá ọ nílé lálẹ́ àná."

"Ẹ ò wá."

"Mo sọ ọ́ nípàdé. Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi, mo dìde mo sọ ọ́. Wọ́n ní kí a dìbò sí i."

"Àwọn wo ló dìbò?"

"Àwọn òṣìṣẹ́."

"Ṣé mo wà lára àwọn òṣìṣẹ́?"

"Ìyá Gerda, o mọ̀ pé ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ló lè dìbò. Ọ̀pọ̀ ló ní rárá. Kí ni kí n ṣe? Èyí tí ọ̀pọ̀ bá sọ labẹ gé. Ohun tí a jà fún gan-an nìyẹn."

"Wọ́n gbé ọwọ́ sókè?"

"Wọ́n gbé ọwọ́ sókè."

"Tiyín ńkọ́, Bàbá Klara?"

Drewitz fi ìka ra irunmú rẹ̀. "Klara lóyún," ni ó wí.

Hermine ti rò ó tẹ́lẹ̀ pé bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, òun yóò pariwo tí gbogbo ọgbà yóò fi gbọ́. Kò pariwo. Ọ̀rọ̀ tó wá sọ́kàn rẹ̀ kì í ṣe ti Drewitz rárá. Ó bi í pé, "Aago mélòó ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ yóò jáde?"

"Mẹ́fà."

Ó yípadà, ó sáré. Ó fẹ́ dé ilé Selma kí Selma tó jáde wá, kó má baà jẹ́ pé ara ògiri ni yóò ti kà á.

Kò bá a nílé. Ojú ọ̀nà ni wọ́n ti pàdé, ní orígun ilé ẹlẹ́ran. Selma ti wọ ẹ̀wù iṣẹ́, bọ́tìnnì rẹ̀ ń dán. Ojú Hermine ló kà, kò nílò kí ó sọ̀rọ̀.

"Rárá," ni Selma wí.

"Wọ́n dìbò sí i. Mi ò mọ̀, Selma. Ọ̀dọ̀ rẹ ni mo kọ́kọ́ ń bọ̀."

"Wọ́n fún mi ní fìlà mi. Ó wà nínú ilé mi, lẹ́tà ni, mo lè fọwọ́ kàn án. Mo fi dáná ní ọjọ́ Ẹtì torí pé o bọ̀ mí lọ́wọ́."

"Drewitz ló..."

"Má dárúkọ Drewitz fún mi. Ohun tí Drewitz sọ fún ọ, tìẹ àti tirẹ̀ nìyẹn. Ohun tí ìwọ sọ fún èmi ńkọ́?"

Ní òpópónà, wọ́n gbọ́ ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó ń yí bọ̀, agogo lẹ́ẹ̀mejì.

"O ní kí n má gba tirẹ̀ gbọ́," ni Selma wí. "Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Tìẹ ni mo gbà." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ láti òkè wá sílẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ọ̀kan sọnù, ó sì gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ.

Hermine dúró ní orígun náà títí tíráàmù fi kọjá. Àwọn márùn-ún yòókù yóò ti máa múra lọ́wọ́lọ́wọ́. Èyí tó súnmọ́ jù ń gbé ní àjà kẹta, lókè ilé aránṣọ. Ó tún kọ́là rẹ̀ ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn.